Ohun Tí Ẹ̀rọ Jogún Lọ́wọ́ Obdulia

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Obdulia fi dúró
níwájú bẹ́líìtì tí ń sáré, nílé-iṣẹ́ alágolo
létí èbúté Vigo, níbi tí òjò kì í ti í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ìkarahun dúdú, onílẹ̀kùn méjì, ń ti inú òkun bọ̀,
wọ́n ti sè é, ẹnu rẹ̀ ti là,
ẹran inú rẹ̀ pọ́n bí àgbálùmọ̀.
Èyí dára. Èyí dára. Èyí kò dára.
Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí irun orí fi di òwú.

Nínú oṣù Kẹta ni wọ́n gbé àpótí kan dé:
ojú mẹ́rin, apá kan, kò lẹ́nu.
Senén ọ̀gá wa ní, "Ìyá, ẹ jókòó tì í.
Ẹ ṣáà máa ṣe bí ẹ ti ń ṣe, yóò máa wò yín."
Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló fi wò ó.
Kò yán, kò bèèrè ìdí.
Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló dà bí èyí rí?
Èmi fúnra mi, ó gbá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì
kí n tó mọ èyí tó rà yàtọ̀ sí èyí tó kàn ṣú.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ,
ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.
Ọwọ́ eléyìí tó pẹpẹ, ó sì wọ kèrègbè,
kì í wú lóru, òtútù kì í mú un.
Kí ni kí n wá fi tèmi ṣe?
Mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn, mo tì í bọ àpò.

Ọjọ́ Ẹtì ni Obdulia lọ.
Wọ́n fún un ní òdòdó àti ìwé,
owó tó tó ọdún kan ààbọ̀ jẹ, béèyàn ò bá jẹun púpọ̀.
Ó ní kí n má sunkún, òun ò kú,
orúnkún òun tilẹ̀ ti ń dúpẹ́.
Ó gbàgbé épírọ́ọ̀nù rẹ̀ lórí ìkọ́.

Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. N ò ní purọ́ mọ́ ọn:
ó yá jù ú lọ,
mẹ́fà nínú wa sì tẹ̀ lé e lọ kí Kérésì tó dé.
Ẹni tó bá ní kò lè rọ́pò èèyàn,
kó wá ka àga tó ṣófo níbi ìjẹun wa.

Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún,
ẹ̀rọ a mú ìkarahun kan tó dára, tó sanra,
a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, lọ́tọ̀,
kò pa á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù, kò jù ú sínú ìdọ̀tí.
Onímọ̀ ẹ̀rọ wá láti Bilbao, ó tú u, ó tún un dè,
ó ní àṣìṣe ni, òun ò rí gbòǹgbò rẹ̀.
Mo mú ọ̀kan nínú wọn, mo wo inú rẹ̀:
akàn kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ
ká ẹsẹ̀ kò sínú ẹran bí ọmọ tó sùn.

Mo sáré lọ síbi ìkọ́,
mo tọwọ́ bọ àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀:
akàn gbígbẹ, mẹ́ta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èékánná ìkókó.
Brais, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló máa ń kó wọn jọ
sínú ìgò jáàmù létí fèrèsé.
Kò sọ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò bèèrè.
Ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́.

Senén ní kí wọ́n pa àṣà náà rẹ́.
Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó tì í lọ́jọ́ Ajé, kí n kọ́ ọ
pé èyí náà dára, èyí náà dára.
Owó iṣẹ́ ni. Mo lọ́mọ. Mo jókòó.
Ojú mẹ́rin náà ń wò mí.
Akàn kan ń kọjá.
Ọwọ́ mi lọ síbi tí n ò rán an.